Orín Àtà àti Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí ẹnu yín rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rún orín àtà rí mọ bí ó ti máa ń ṣe ni. Ẹnu á kọ́kọ́ ta bí ìgbà tí a jẹ ata, lẹ́yìn náà ahọ́n á kú, á dà bí ẹni pé kì í ṣe tẹni mọ́. Gbòǹgbò igi àtà ni àwọn ìyá wa ń gé tà lọ́jà ní ìdì-ìdì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orín ìjẹ̀bú àti àwọn pákò yòókù. Òwò kékeré ni, kò sì sí ẹni tó ka igi náà sí ohun ńlá. Síbẹ̀, ní ọdún 1971, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan ní òkè òkun gbé orúkọ igi yìí jáde, nítorí ohun tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ rí nínú yàrá ìdánwò wọn. Ohun tí wọ́n rí, àti ohun tí ó tẹ̀lé e, ni ìtàn tí mo mú wá.

Kí a tó dé Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Gbogbo wa mọ àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé àti Kásìmáawòó. Òbí tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n sì ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ láyé ijọ́un. Ibà wà níbẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ báyìí pé nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ wọn ló pa wọ́n.

Àrùn náà ni Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ wo bí orúkọ náà ti bá a mu tó. Ẹni tí ó ń ṣe á fi òní kú, á fi ọ̀la dìde. Lánàá, ọmọ náà ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri àdúgbò. Lónìí, egungun ń ro ó débi pé kò lè gbé apá. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ń sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, ìrora á rọlẹ̀, ọmọ á tún jáde síta bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a kí ọ̀rọ̀ wa tó parí.

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, James Herrick, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada, ẹni tí àárẹ̀ ń dà láàmú. Nígbà tí wọ́n fi maikirosíkóòpù wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn a máa rí róbótó. Nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin yìí, àwọn kan gùn, wọ́n sì tẹ̀ bí dòjé tí a fi ń gé koríko. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé nǹkan pupa inú hóró náà gan-an, èyí tí ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara, tí wọ́n ń pè ní hẹmoglóbíìnì, ló yàtọ̀. Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà tí a tò pọ̀ tó fi di hẹmoglóbíìnì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sọ òkùnrùn di ìpín ọmọ.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí hóró ẹ̀jẹ̀ bá ti gbé ọ́síjìn rẹ̀ fún ẹran ara tán, hẹmoglóbíìnì tó yàtọ̀ yìí á so mọ́ ara wọn bí ọ̀pá, wọn á sì ti hóró náà títí tí yóò fi tẹ̀. Hóró tó tẹ̀ á le, kò ní lè yọ́ kọjá nínú iṣan tín-ín-rín. Yóò dá ọ̀nà dúró bí igi wẹ́wẹ́ tó dábùú odò kékeré. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, tí ara àwọn fúnra wọn sì le koko, nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́ SS. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Ifẹ̀. Ní àwọn ọdún tó sún mọ́ 1970, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan tó jọ eré. Àwọn baba wa kò ní búrọ́ọ̀ṣì, wọn kò ní ọṣẹ ìfọyín, síbẹ̀ a mọ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí eyín wọn pé títí ọjọ́ ogbó. Ṣé fífọ̀ lásán ni orín ń fọ eyín, tàbí ohun kan wà lára rẹ̀ tó ń pa kòkòrò ẹnu? Wọ́n kó oríṣiríṣi orín jọ, wọ́n gún un, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sì sẹ́ ẹ. Omi tí wọ́n sẹ́ yìí ni wọ́n ń dán wò.

Wọn a po ohun kan tó ń dì bí ẹ̀kọ, wọn a fi ẹ̀jẹ̀ sí i, wọn a dà á sínú àwo gíláàsì pẹlẹbẹ. Kòkòrò a máa gbèrú níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi omi orín sí i, wọn á máa ṣọ́ ọ bóyá kòkòrò á yè tàbí á kú. Ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú irú àwo bẹ́ẹ̀ a máa bàjẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé níbi tí omi gbòǹgbò àtà wà, ẹ̀jẹ̀ náà pẹ́ ní pupa ju bó ti yẹ lọ.

Ẹlòmíràn ì bá da àwo náà nù, nítorí ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń wá. Àbéèrè kì í ṣìnà: àwọn wọ̀nyí tún béèrè. Bí gbòǹgbò yìí bá ń dáàbò bo hóró ẹ̀jẹ̀ tó gún régé, kí ni yóò ṣe fún hóró tó ń tẹ̀ bí dòjé? Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà, tó jẹ́ onímọ̀ egbòogi, àti Dókítà Isaacs ló jọ ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn yìí, wọ́n jẹ́ kí ọ́síjìn tán nínú rẹ̀, hóró rẹ̀ sì tẹ̀. Wọ́n fi omi gbòǹgbò àtà sí i, wọ́n sì tún fi maikirosíkóòpù wò ó. Àwọn hóró tó ti tẹ̀ ń padà di róbótó. Èyí ni wọ́n kọ jáde ní 1971.

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Kì í ṣe ìgò kan ni a ń lò fún irú ìdánwò yìí. Méjì tó jọra ni a ń lò: ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà, wákàtí kan náà. A ó fi omi gbòǹgbò sí ọ̀kan, a ó sì fi omi lásán sí èkejì. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, a jẹ́ pé gbòǹgbò kò ṣe nǹkan kan, bó ti wù kí òkìkí rẹ̀ kàn tó. Bí wọ́n bá yàtọ̀ nìkan ni a tó lè sọ pé gbòǹgbò ló ṣe é. Ohun tí à ń pè ní ìdánwò nìyẹn: kí a bi nǹkan ní ìbéèrè tó lè dáhùn pé rárá.

Ní 1975, Dókítà Isaacs-Sodeye, Ṣófowórà àti àwọn mìíràn kọ ìròyìn lórí bóyá gbòǹgbò náà ní májèlé nínú, àti lórí ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún aláìsàn lò. Ní ọdún kan náà, Donald Ekong àti àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn ti rí èròjà kan tó tan mọ́ ti igi náà, tí kì í jẹ́ kí hóró tẹ̀ nínú ìgò. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ké lóru rò pé oògùn ti dé.

Ṣùgbọ́n ìgò kì í ṣe ara. Nínú ìgò, omi gbòǹgbò kan ẹ̀jẹ̀ ní tààrà. Nínú ara, ó gbọ́dọ̀ la ikùn kọjá, ó gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀dọ̀, kí ó sì ṣẹ́kù tó ìwọ̀n tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tó bá dé inú ẹ̀jẹ̀. Gbòǹgbò ti ilẹ̀ yìí sì lè má rí bákan náà pẹ̀lú ti ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn onímọ̀ tún rí i lẹ́yìn náà pé èròjà inú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo èyí ń fẹ́ owó, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Orín àtà ṣí ìlẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò gbé wa dé inú ilé.

Ẹgbẹ́ mìíràn ló tún rìn síwájú sí i, ọ̀nà tí wọ́n gbà sì yàtọ̀. Ọmọ Yorùbá kan tó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, ní oògùn ìbílẹ̀ kan tó ń fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Igi àti ewé mẹ́rin ló pàdé níbẹ̀: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí àjèjì nínú wọn. Ìyèré wà nínú ọbẹ̀ wa, osùn wà lára ìyàwó tuntun àti ọmọ tuntun, kànáfùrù wà lọ́jà, ọkà bàbà wà lóko.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run yìí kò gbé àṣírí náà wọ sàréè. Ó gbé e fún ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1987, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe sì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ láàárín ara wọn, kí ẹni tó ni ìmọ̀ má baà di ẹni ìgbàgbé. Àwọn onímọ̀ wá yọ omi egbòogi náà, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fún ẹranko jẹ kí wọ́n mọ̀ bóyá ó ní májèlé, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Wọ́n pe oògùn náà ní Niprisan.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí a rántí orúkọ àrùn náà: fòníkú-fọ̀ladìde. Àrùn tó máa ń lọ fúnra rẹ̀, tó sì tún máa ń padà wá, ni àrùn tó rọrùn jù lọ láti fi tan ara ẹni jẹ. Bí mo bá fún ọmọ tó ń jẹ̀rora ní omi ẹ̀kọ mu lónìí, tó sì dìde ní ọ̀la, mo lè búra pé omi ẹ̀kọ ló wò ó sàn. N kò purọ́, ohun tí ojú mi rí ni mo sọ. Ṣùgbọ́n ojú mi kò rí gbogbo rẹ̀, nítorí ọmọ náà ì bá dìde bí n kò tilẹ̀ fún un ní nǹkan kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí ẹnu kò fi tó lórí àrùn yìí, ìbáà ṣe ẹ̀rí adáhunṣe, ìbáà ṣe ti dókítà, ìbáà ṣe ti ìyá ọmọ pàápàá.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n mú aláìsàn 82, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní Niprisan, wọ́n fún apá kejì ní oògùn òfo tó jọ ọ́. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, bẹ́ẹ̀ ni dókítà tó ń yẹ̀ wọ́n wò kò mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀: àwọn tó ń lo òfo bọ́ sórí oògùn, àwọn tó ń lo oògùn bọ́ sórí òfo. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni wọ́n tó ṣí ìwé wo ẹni tó lo kí ni. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Ìrora ńlá tó máa ń dá àwọn aláìsàn náà gúnlẹ̀ dínkù nígbà tí wọ́n ń lo Niprisan, kò sì hàn pé ó ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín wọn jẹ́.

Ẹ fi etí sí ohun tí ìdánwò náà kò sọ. Kò sọ pé SS di AA. Kò sọ pé àrùn náà tán. Kò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó máa ń gbẹ lára wọn pọ̀ sí i. Ohun tó sọ ni pé ìrora kò wá lemọ́lemọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìrora kò bá ta rí lè pè é ní ohun kékeré. Bi ìyá tó ti gbé ọmọ lẹ́yìn ní òru lọ sí ọsibítù léèrè, yóò sọ bí ó ti tó.

Ó dùn mí pé ìtàn náà kò parí síbi tó dára yìí. Ní 2002, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà láyè láti máa ṣe oògùn náà. Ó dé ọjà Nàìjíríà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí tu àwọn kan. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó lọ sí kóòtù lọ kéde pé òun kò lè san án mọ́. Ṣíṣe oògùn náà dúró. Ẹni tó ti gbójú lé e lọ sí ilé oògùn, kò bá a. Ìyèré kò tán lọ́jà, ọkà bàbà kò tán lóko. Igi kò já wa kulẹ̀, ìdánwò náà kò sì já wa kulẹ̀. Ohun tó kù ni ọwọ́ tí yóò máa ṣe é láìdáwọ́ dúró, ní ìwọ̀n kan náà, ní iye tí mẹ̀kúnnù lè rà.

Kí ni a rí kọ́, ẹ̀yin ará mi? Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí maikirosíkóòpù tó lè ka inú àwọn baba wa, kó mọ èyí tó yẹ kí a yẹ̀ wò nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi inú igbó. Àgbà ló ní ìyẹn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí àgbà tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá àgbo òun ló wo ọmọ tàbí ọ̀la ló dé tí ọmọ sì dìde. Yàrá ìdánwò ló ní ìyẹn. Ẹni tó ń fi adáhunṣe ṣẹ̀sín ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Adáhunṣe tó sì ń sá fún ìdánwò ń sọ fún wa pé òun fúnra òun kò dá egbòogi òun lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ewé, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀: ewé wo, gbòǹgbò wo, ìwọ̀n mélòó, ọjọ́ mélòó. Kí ẹ sì béèrè àdéhùn bí Ẹni-ọ̀wọ̀ Ogunyale ti ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó dé. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, ẹ má ṣe torí ohun tí mo sọ yìí lọ máa se gbòǹgbò àtà fún un mu. Ohun tó ṣe dáradára nínú ìgò kò tíì di oògùn inú ife. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù déédéé. Oògùn tí a ti dán wò wà níbẹ̀, bíi hydroxyurea, tó ń dín ìrora náà kù, dókítà ló sì mọ ẹni tó yẹ fún.

Ní ọ̀la, bí ẹ bá fi orín àtà sẹ́nu, tí ahọ́n yín sì kú díẹ̀, ẹ rántí àwo gíláàsì tó wà ní Ifẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kọ̀ tí kò bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ tó ń gbọ́ mi yìí jẹ́ ẹni tí yóò parí iṣẹ́ náà.